Ìyá Tí Kò Mú Kálámù Rí

Ní Àjàṣẹ́ níbí, bí ìyá àgbà bá béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí ọbẹ̀ tó jinná, ẹ̀rín la fi ń gbà á. Àwa náà ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Bí ó bá wá ṣìnà láti ọjà bọ̀ wálé, àwọn kan a máa pè é ní àjẹ́.

Ìdánwò ráńpẹ́ wà tí ó lè fi hàn bí iyè àgbà bá ń ra. Ṣùgbọ́n èyí tí ayé mọ̀ jù, ti Folstein ọdún 1975, ń fẹ́ kí ènìyàn kọ gbólóhùn kan, kí ó sì ya àwòrán. Ìyá tí kò mú kálámù rí lè kùnà, bí orí rẹ̀ tilẹ̀ pé pérépéré.

Àwọn oníṣègùn Ìbàdàn wá fi igi ìṣáná rọ́pò kálámù: olùwádìí a to tirẹ̀, àgbà a to irú rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1992 tún ń bi ará ilé léèrè: ǹjẹ́ ìyá ṣì ń ṣírò owó bí ti tẹ́lẹ̀? Irú ìbéèrè kan náà ni wọ́n gbé dé Djidja àti Kútọ̀nú ní ilẹ̀ wa.

Ìdánwò kì í ṣe ìdájọ́. Dókítà ni yóò wá ìdí rẹ̀, nítorí ìbànújẹ́ ọkàn pàápàá a máa mú ni gbàgbé, ìyẹn sì ní ìtọ́jú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bá wọn gbélé, ẹ̀yin ni wọn yóò bi.