Ẹyẹ Tuntun Nínú Ilé Tí Ajá Wà

Ẹ̀yin òbí wa, ilẹ̀ ọdẹ ni ilẹ̀ Kétu láti ayébáyé, ajá kò sì ṣàjèjì nínú ilé wa. Òun ni ó ń lé ọ̀yà jáde nínú koríko, òun náà ni ó ń gbé àparò tí ìbọn ọdẹ bà wá. Nígbà tí a bá wá ra ẹyẹlé tàbí awó lọ́jà, kí ni ajá yóò kà á sí? Ẹran ìgbẹ́ ni. Kì í ṣe ìwà búburú ni ó fi ń lé e, iṣẹ́ tí a kọ́ ọ ni. Àwa onílé ni ó yẹ kí a kọ́ ọ pé ẹyẹ yìí ti di ará ilé.

Èkínní, kí a kọ́ ilé ẹyẹ kí a tó ra ẹyẹ. Kí ilé ẹyẹlé wà lórí òpó tí ó ga ju ibi tí ajá lè fò dé. Ní ti awó, kí a ri ẹsẹ̀ àwọ̀n onírin rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, nítorí ajá mọ ilẹ̀ í wà.

Èkejì, kí ẹyẹ tuntun dá wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán, kí ó má bàa kó àrùn lùkúlùkú ran adìẹ ilé, pàápàá nígbà ọyẹ́. Èyí tí ó bá kú, kí a sin ín jìn, kí ajá má bàa wọ́ ọ lọ sí àgbàlá ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹta, kí a so ajá, kí a fún un ní oúnjẹ yó, kí ó máa wo ẹyẹ láti òkèèrè. Bí ó bá jókòó jẹ́ẹ́, kí a yìn ín, kí a sì fi ẹran díẹ̀ sí i lẹ́nu. Bí ó bá ń fa okùn, kí a pè é kúrò níbẹ̀. Ẹ má ṣe nà án: ajá tí a nà yóò dúró de ìgbà tí a bá kọ ẹ̀yìn. Awó le ju ẹyẹlé lọ, nítorí a máa pariwo, a sì máa sáré, ohun tí ó bá sì ń sáré ni ajá ń lé. Bí ó ti wù kí ajá jẹ́ẹ́ tó, ẹ má fi òun àti ẹyẹ nìkan sílẹ̀ pọ̀.

Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ já ẹyẹ gbà lẹ́nu ajá. Ẹyẹ ṣeé rà, ọmọ kò ṣeé rà. Bí ajá bá bu ọmọ jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ní ọdún 1885 ni Louis Pasteur, ará Faransé, fi abẹ́rẹ́ gba ọmọ ọdún 9 kan là lọ́wọ́ àrùn dìgbòlugi. Ṣùgbọ́n bí àrùn náà bá ti fi ara hàn, kò sí oògùn mọ́. Nítorí náà, kí ajá gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ lọ́dọọdún.

Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹ jẹ́ kí tiwa ti mọ ohùn wa kí ẹyẹ tó wọlé.