Ohun tí Ọ̀rọ̀ náà 'Iná' Lè Fi Pamọ́ nínú Ìṣirò

Bí a bá fẹ́ mọ bí iná oòrùn ṣe ń ṣiṣẹ́ sí ní abúlé tí wáyà ìjọba kò dé, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ wá sí ni lẹ́nu ni pé: 'Ǹjẹ́ ẹ ní iná?' Ìbéèrè yìí kò rọrùn tó bí ó ti rí lójú. 'Iná' ni a fi ń se oúnjẹ, 'iná' ni ti àtùpà, 'iná' náà sì ni mànàmáná. Ẹni tí ó ní àtùpà olóòrùn kan ṣoṣo àti ẹni tí ó ń fi mànàmáná lọ ata lè jọ dáhùn pé, 'Bẹ́ẹ̀ ni.' Bí a bá ka àwọn méjèèjì sí ọ̀kan náà, ìṣirò wa ti wọ́ láti ìpìlẹ̀.

Nítorí irú ìṣòro yìí ni Báǹkì Àgbáyé ṣe gbé òṣùwọ̀n kan jáde ní ọdún 2015, tí ó pín níní iná sí ìpele mẹ́fà, láti 0 dé 5. Lójúmọ́, ìpele 1 ń béèrè wáàtì-wákàtì 12, ó kéré tán. Ìpele 2 ń béèrè 200. Ìpele 5 ń béèrè 8,200.

Síbẹ̀, ìpíndọ́gba lè ṣi ni lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí a fi ìdílé márùn-ún ṣe àpẹẹrẹ. Mẹ́rin nínú wọn ń lo wáàtì-wákàtì 100 lójúmọ́. Ìkarùn-ún, tí ń ta omi tútù, ń lo 2,100. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 500, èyí tí ó gbé abúlé náà dé ìpele 2. Ṣùgbọ́n bí a bá tò wọ́n láti orí èyí tí ó kéré jù, iye tí ó bọ́ sí àárín jẹ́ 100 péré. Ìdílé mẹ́rin ṣì wà ní ìpele 1, ẹni tí ó bá sì fi ìpíndọ́gba nìkan pín owó ìrànwọ́ yóò gbójú fò wọ́n.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Ìkùukùu oṣù keje àti ìkẹjọ ń dín agbára oòrùn kù ní ilẹ̀ Yorùbá. Àyẹ̀wò inú ọ̀gbẹlẹ̀ nìkan kò lè sọ òtítọ́ ọdún.

Níhìn-ín ni iṣẹ́ onímọ̀ èdè wọ̀ ọ́. Dípò 'Ǹjẹ́ ẹ ní iná?', ẹ jẹ́ kí a béèrè pé: 'Lánàá, lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, wákàtí mélòó ni mànàmáná fi wà nínú ilé yín, kí ni ẹ sì fi ṣe?' Ìbéèrè tí ó bá ṣe kedere ni ìdáhùn rẹ̀ ṣe é kà.