Ọjà Tí A Ń Fi Ìwé Rà

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti dúró ní etí títì tí ó ti Òṣòdì lọ sí Àpápá rí, níbi tí ó ti gba ẹ̀bá Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó kọjá, yóò ti rí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń ti èbúté bọ̀. Ẹnì kan ti fi ìwé ra ẹrù inú wọn kí wọ́n tó gbéra. Irú ọjà rírà bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí ní òní, nítorí àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lásán.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Ká ní ẹ ń kọ́ ilé kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, tí ẹ sì ń fẹ́ igba àpò sìmẹ́ńtì. Ẹ ó béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta tí ń tà á, kí olúkúlùkù wọn kọ iye tí yóò gbà sínú ìwé. Ìwé yìí ni à ń pè ní kòtéṣọ̀n. Kò tíì di ọjà, iye owó nìkan ni ó sọ. Ìyá tí ó bá yí ìsọ̀ mẹ́ta ká kí ó tó ra ata ti gba kòtéṣọ̀n tirẹ̀ láìkọ̀wé. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá tóbi, bí irú ti ìjọba, a ó kéde rẹ̀, àwọn tí ó bá fẹ́ ẹ yóò fi iye tiwọn sínú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa, a ó sì ṣí i ní ọjọ́ kan náà. Èyí ni tẹ́ńdà. Òfin ọjà rírà ti ìjọba àpapọ̀, tí a ṣe ní ọdún 2007, pàṣẹ pé ojú àwọn tí ó díje ni kí a ti ṣí i. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2011.

Nígbà tí ẹ bá ti mú ẹni tí ó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ó kọ ọ́dà fún un: irú sìmẹ́ńtì tí ẹ fẹ́, iye àpò, ibi tí yóò já a sí, àti ọjọ́ tí yóò dé. Wébíìlì ni ìwé tí awakọ̀ yóò mú wá, tí ó sọ ohun tí ó kó. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí i kí ẹ tó ka àpò. Lẹ́yìn èyí ni ìnfọ́ísì yóò dé láti béèrè owó, ríṣíìtì ni yóò sì jẹ́rìí pé ẹ ti san án. Mo mọ ẹnì kan tí ó tọ́jú ìnfọ́ísì sínú àpótí fún ọdún mẹ́ta, tí ó rò pé ríṣíìtì ni!

Bí ó bá jẹ́ àwìn ni ẹ fẹ́ rà, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ó san owó. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí àdúgbò yìí ń jẹ́ orúkọ wọn mọ èyí dáadáa. Àwọn baba wọn a máa ru aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, wọn a tà á ní àwìn. Bí ọjọ́ bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn a ní òṣó ni àwọn yóò ló títí owó àwọn yóò fi dé. Ìdí nìyí tí a fi ń pè wọ́n ní Òṣómàáló.

Ìbéèrè kan ṣẹ́ kù, òun ni ó sì le jù: mélòó ni ẹ lè gbà lẹ́ẹ̀kan? Ìjọba orílẹ̀-èdè wa pàápàá gbàgbé ìbéèrè yìí rí. Ní ọdún 1974 àti 1975, owó epo rọ̀bì pọ̀ lọ́wọ́ ìjọba Ọ̀gágun Gowon, wọ́n sì kọ ọ́dà nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì sí òkè òkun. Ti ilé-iṣẹ́ ètò ààbò nìkan jẹ́ 16 mílíọ̀nù nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ bá mi ṣírò: ogún àpò ni tọ́ọ̀nù kan, 400 mílíọ̀nù àpò nìyẹn. Èyí tí èbúté Àpápá lè já sílẹ̀ ní ọdún kan kéré púpọ̀ sí i.

Àwọn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi lé ní irínwó lójú òkun Èkó, sìmẹ́ńtì ni ọ̀pọ̀ wọn kó. Ibí ni ọ̀rọ̀ kan tí ń jẹ́ dẹ̀múréèjì ti wọlé. Owó tí olówó ọjà ń san fún ọlọ́kọ̀ ni, fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ bá dúró kọjá àdéhùn. Nǹkan bí 4,000 dọ́là ni fún ọkọ̀ kan lójúmọ́. Ọkọ̀ tí ó bá dúró ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ yóò gba 400,000 dọ́là láìsọ àpò kan kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rinrin òkun ń sọ sìmẹ́ńtì di òkúta nínú ọkọ̀, àwọn tí ó kó ẹrù mìíràn sì há sí àárín wọn. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà: owó gbogbo wa ni wọ́n fi ń san ìdúró yẹn.

Ní oṣù keje ọdún 1975 ni àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon. Ìjọba Murtala Mohammed dá àwọn ọkọ̀ náà dúró, Bánkì Àpapọ̀ wa kò sì san owó mọ́. Ṣùgbọ́n bánkì yìí ti kọ ìwé ìlérí fún àwọn tí ó ta ọjà, pé nígbà tí ìwé ẹrù bá ti pé, òun yóò san án. Ilé-iṣẹ́ kan láti Switzerland, Trendtex, tí ó ta 240,000 tọ́ọ̀nù, pè é lẹ́jọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bánkì ní apá kan ìjọba ni òun, a kò lè pe ìjọba orílẹ̀-èdè mìíràn lẹ́jọ́. Ní ọdún 1977, Lord Denning àti àwọn adájọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà fún un. Wọ́n ní òwò ni sìmẹ́ńtì rírà, kí bánkì wá jẹ́jọ́ bí oníṣòwò yòókù.

Igba àpò tiyín ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ sínú ọ́dà pé àádọ́ta ni kí ó máa wá lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ bí ó bá dé tí kò sí àyè.