Alákàṣà Tó Dá Gbé

Àwọn oníbàárà máa ń bi mí pé kí ló dé tí a fi ń fi rọ́bà de ọwọ́ alákàṣà. Ìjà ni. Ní ṣọ́ọ̀bù ẹja tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Boston, bí rọ́bà bá já lọ́wọ́ ọ̀kan lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́ òmíràn á ti pàdánù ẹsẹ̀. Ohun tí wọn kì í béèrè ni pé, bí a bá ya oníjà náà sọ́tọ̀ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ á balẹ̀?

Kò dájú rárá. Jelle Atema ti Yunifásítì Boston àti Christa Karavanich kọ ọ́ lọ́dún 1998 pé bí alákàṣà méjì tó ti jà bá tún pàdé, kíá ni èyí tí wọ́n lù á yà fún ọ̀gá rẹ̀. Ìtọ̀ ló fi ń dá a mọ̀. Iwájú orí, nídìí ìwo, ni alákàṣà ti ń tọ̀, tààrà sójú ẹni tó ń bá a jà. Ìwo kéékèèké tó ń mì tìtì ni èkejì fi ń gbọ́ òórùn yẹn. Ẹ yà wọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ṣì ń rántí. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ó lè di kí wọ́n tún ìjà jà. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi máa ń dá wọn gbé ṣáájú ìdánwò, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ìyà àná wá.

Àmọ́ dídá gbé náà ní ipa tirẹ̀. Donald Edwards àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Atlanta wo inú ara edé odò, ìbátan alákàṣà, irú èyí tí wọ́n ń fata sè ní Louisiana, lọ́dún 1996. Iṣan kan ló ń mú un jurù fò sókè bí ewu bá dé. Wọ́n da serotonin, èròjà tó wà lọ́pọlọ àwa náà, sí iṣan yìí. Ti ọ̀gá ta kìjí, ti ọmọ abẹ́ rọlẹ̀. Wọ́n fọ èròjà náà kúrò, àwọn méjèèjì padà sípò. Ti èyí tó dá gbé ta kìjí, wọ́n fọ̀ ọ́, kò sì rọlẹ̀. Iṣan ìsáré ni o, kì í ṣe ti ìjà, nítorí náà ẹ má gbà fẹ́ni tó bá ní ìdánìkangbé sọ edé di jàǹdùkú.

Àwọn ará Yunifásítì Maryland tiẹ̀ fún edé odò lọ́tí lọ́dún 2017. Àwọn tó ń gbé pọ̀ tètè yó, wọ́n ń jurù, wọ́n ń dojú dé. Èyí tó ti dá wà fún ọ̀sẹ̀ kan pẹ́ kó tó yó, ìyàtọ̀ ọ̀hún sì hàn nínú iṣan ìrù yẹn kan náà.