RAM kékeré àti ńlá lè jọ ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà kan

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ RAM inú kọ̀ǹpútà mu gan-an, nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí ló ń ná owó tí kò yẹ kí wọ́n ná lé e lórí.

Bí òbí bá ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ fún ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ìwé gíga, ó lè jẹ́ RAM 4GB péré ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà yóò máa wọ́ bí ìgbín. Àwọn kan yóò ní kó yọ 4GB náà dànù, kó ra 8GB méjì, pé dandan ni kí méjèèjì dọ́gba. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

RAM ni kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lé, bí aránṣọ ṣe ń tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Láti nǹkan bí ọdún 2003 ni kọ̀ǹpútà tó ní ọ̀nà méjì láàárín RAM àti ọpọlọ ẹ̀rọ ti wọ́pọ̀. Bí RAM méjì bá dọ́gba, ọ̀nà méjèèjì yóò jọ máa gbé ẹrù, iṣẹ́ yóò sì yá.

Bó bá jẹ́ 4GB àti 8GB ńkọ́? Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà yóò mú 4GB lára 8GB, yóò fi ṣe ẹnì kejì fún èyí tó kéré. Ọ̀nà méjì ni 8GB yìí yóò máa gbà. 4GB tó ṣẹ́ kù yóò gba ọ̀nà kan. Gbogbo 12GB náà ló máa ṣiṣẹ́.

Fún ẹni tó ń tẹ̀wé tàbí tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, 12GB tí kò dọ́gba sàn ju 4GB lọ fíìfíì. Ẹni tó ń ṣe fídíò tàbí eré orí kọ̀ǹpútà ló yẹ kó wá èyí tó dọ́gba.

Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tí kò gba àṣìṣe. DDR3 kò lè wọ ojú ihò DDR4. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ipá tì í. RAM kọ̀ǹpútà alágbèéká kúrú ju ti orí tábìlì lọ. Bí eré wọn kò bá dọ́gba, èyí tó lọ́ra ni èkejì yóò dúró dè. Àwọn ẹ̀rọ kan sì wà tí wọn kò fi àyè sílẹ̀ fún RAM kejì rárá.

Nítorí náà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́, kí oníṣẹ́ ṣí ẹ̀rọ náà lójú ẹni tó ni ín, kó fi RAM sí i, kó sì tan án. Ní orí Windows, abala Memory nínú Task Manager yóò fi iye tó wà níbẹ̀ hàn. Bí kò bá pé 12GB, kí oníṣẹ́ tún un wò. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.