Tútù Là Ń Ká Ẹja: Ọ̀rá Pure Water àti Ọmọ Ẹja Inú Odò Wa

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, bí òjò ńlá bá rọ̀ ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó, ẹ wo ohun tí àgbàrá ń gbé lọ nínú gọ́tà: ọ̀rá pure water, ike mínírà, abọ́ take-away, ọ̀rá bisikíìtì. A máa ń wò ó, a sì máa ń kọjá lọ, bíi pé òjò bá wa gbálẹ̀ ni. Òjò ò gbálẹ̀ kankan o. Ńṣe ló kó ìdọ̀tí wa lọ sí ilé ẹlòmíì, àwọn tó ń gbé ilé náà ò sì lẹ́nu tí wọ́n lè fi pariwo. Ẹja ni mò ń sọ, pàápàá ọmọ ẹja.

Gọ́tà ń ṣàn sínú odò kékeré, odò kékeré ń ṣàn sínú ńlá. Ní àríwá Èkìtì, a ní dáàmù Ìtapàjì ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, a sì ní dáàmù Ero ní Ìkun-Èkìtì, tí wọ́n ṣe kí ọ̀pọ̀ ìlú apá ibẹ̀ lè rí omi mu. Àwọn apẹja náà ń rí oúnjẹ òòjọ́ nínú omi wọ̀nyí. Bí gọ́tà àdúgbò yín ò bá tiẹ̀ dé dáàmù, yóò dé odò tí ẹnì kan ń pọn.

Ọ̀rá kì í jẹrà bí ewé iran tí àwọn ìyá wa fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Oòrùn á pa á, á gan, á wá fọ́ sí wẹ́wẹ́. Èyí tí kò bá tó mílímítà 5 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní microplastics. Èmi á pè é ní èérún ike. Òmíì kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i.

Kí ló wá kan ọmọ ẹja? Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ń pa ẹyin ẹja àrọ̀. Nígbà tí ẹyin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ọmọ ẹja gbé oúnjẹ tirẹ̀ wáyé nínú àpò kékeré kan lábẹ́ ikùn. Oúnjẹ yẹn ò ju bí ọjọ́ mẹ́ta lọ. Bó bá ti tán, ọmọ ẹja gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ wá oúnjẹ, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín inú omi ló sì ń jẹ. Èérún ike ò tóbi ju àwọn yẹn lọ. Bó bá gbé e mì, inú rẹ̀ á kún, àmọ́ kò jẹun. Ẹja ńlá lè yà á dà nù. Ìfun ọmọ ẹja tín-ín-rín, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì ṣì ń dàgbà. Èyí tí kò bá kú ò ní tètè dàgbà, èyí tó bá sì rọ ò ní lè sá fún ẹja tó fẹ́ gbé e mì.

Ní 2016, àwọn olùwádìí ní orílẹ̀-èdè Malaysia kó àwọn ẹja àrọ̀ tí kò tíì dàgbà sínú omi tí èérún polyethylene wà, ìyẹn irú ike tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá. Wọ́n da kẹ́míkà kan tó máa ń wà nínú èéfín àti epo rọ̀bì mọ́ ti àwọn kan. Ike nìkan, láìsí kẹ́míkà kankan, ṣe ìpalára fún ẹ̀dọ̀ àwọn ẹja náà.

Mo kọ́ òfin, mo sì mọ̀ pé ẹlẹ́rìí èké lè ba ẹjọ́ rere jẹ́. Lọ́dún 2016 yẹn náà, ìwé ìròyìn Science gbé ìwádìí kan láti Sweden jáde pé ọmọ ẹja fẹ́ràn ike ju oúnjẹ lọ. Ariwo ta káàkiri ayé. Nígbà tó di 2017, wọ́n fa ìwádìí náà sẹ́yìn torí ẹ̀rí ìdí rẹ̀ ò dúró. Torí náà, bí ẹ bá rí i lórí WhatsApp, ẹ má pín in. Ẹ̀rí tó dúró pọ̀ tó, a ò nílò àbùmọ́.

Ó sì ti dé ilẹ̀ wa. Ní 2020, àwọn olùwádìí bá èérún ike nínú ẹja adágún Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn. Ní 2024, ìwádìí míì fi hàn pé ó wà nínú omi, nínú ẹrẹ̀ àti nínú ẹja odò Ọ̀ṣun. Ẹ rántí pé Ìgèdè-Èkìtì ni wọ́n ní Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀ wá.

Ike nìkan kọ́ ló tún ń dé odò. Àgbẹ̀ ni wá lápá ibẹ̀. Òògùn apakoríko tí a fín sóko lóṣù karùn-ún, òjò oṣù kẹfà á fọ̀ ọ́ sódò. Àwọn kan tiẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ da Gamalin, òògùn kòkòrò kòkó, sínú omi kí ẹja lè léfòó. Ẹja ńlá ni wọ́n ń kó, àmọ́ ọmọ ẹja tó yẹ kí wọ́n pa lọ́dún tó ń bọ̀ ti bá a lọ. Àwọn kẹ́míkà báyìí sì máa ń lẹ̀ mọ́ èérún ike, tí ọmọ ẹja á fi gbé méjèèjì mì pọ̀. NAFDAC ti fòfin de paraquat láti January 2024, wọ́n sì fi atrazine tẹ̀ lé e ní January 2025. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló ń yẹ ṣọ́ọ̀bù wò?

Òfin ò ṣàìsí. Abala 245 nínú Criminal Code sọ pé ẹni tó bá ba omi odò tàbí kànga jẹ́ lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura. Abala 20 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè 1999 ní kí ìjọba dáàbò bo omi. Òótọ́ ni pé abala 6 ò jẹ́ kí a lè gbé abala 20 nìkan lọ kóòtù, àmọ́ ní 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbà kí ẹgbẹ́ aráàlú kan pe NNPC lẹ́jọ́ lórí epo tó dà sódò ní Acha, ìpínlẹ̀ Abia. Ilẹ̀kùn ti ṣí díẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ẹja tó léfòó là ń dúró dè ká tó mú ẹnikẹ́ni. Ọmọ ẹja tó kú sísàlẹ̀ omi ò ní léfòó fún kámẹ́rà. Ohun tí a máa rí ni àwọ̀n tó ń jáde lófìfo lọ́dún mélòó kan sí i, a ó sì máa sọ pé ayé ti yí padà.

Ohun tí mò ń bèèrè ò pọ̀. Fásitì ìjọba àpapọ̀ Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹja ní ọgbà rẹ̀ tó wà ní Ìkọ̀lé gan-an. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ fún wọn lówó láti máa yẹ omi àti ọmọ ẹja Ìtapàjì àti Ero wò lọ́dọọdún, kí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ síta fún gbogbo wa. Kí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó-Òsì àti Mọ́bà fi àwọ̀n irin sẹ́nu gọ́tà tó ń wọ odò, kí wọ́n sì máa kó ohun tó bá há síbẹ̀ kí òjò míì tó dé. Àwa náà, ká kó ọ̀rá pure water wa jọ fún àwọn tó ń rà á. Ọ̀pọ̀ ń fi í jẹun.

Àwọn àgbà ní tútù là ń ká ẹja. Bó bá gbẹ tán, ṣíṣẹ́ ló ń ṣẹ́. Ẹja ò tíì tán nínú Ero àti Ìtapàjì. Ọmọ wọn ni ká kọ́kọ́ gbà là.