Ilé Ìwádìí Tó Ń Ṣírò Iná Inú Ẹ́ńjìnnì

Àwọn ẹ̀yà Pueblo ní Amẹ́ríkà ní iyàrá ìjọsìn kan tí wọ́n ń pè ní kiva. Abẹ́ ilẹ̀ ló sábà máa ń wà. Àkàbà ni wọ́n fi ń gba òkè òrùlé sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀. Ní 1985, ilé ìwádìí ìjọba ní Los Alamos, New Mexico, gbé ètò kọ̀ǹpútà kan jáde, wọ́n sì pè é ní KIVA, torí pé láti òkè náà ni afẹ́fẹ́ ti ń wọ sìlíńdà ẹ́ńjìnnì, tí èéfín sì ń bá fáàfù jáde.

Ogun ló bí Los Alamos. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mọ bí a ṣe ń ṣírò ìrúkèrúdò ooru àti afẹ́fẹ́. Inú mi dùn pé irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wá wúlò fún ọkọ̀ tí à ń wọ̀ lọ sọ́jà.

Bí ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 25 ni epo ń jó nínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. KIVA pín inú sìlíńdà sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún yàrá kéékèèké. Ó ń ṣírò ooru, epo àti afẹ́fẹ́ inú yàrá kọ̀ọ̀kan, àti ohun tó ń ṣí lọ sí ti aládùúgbò rẹ̀. Bí písítìn bá ń gòkè, àwọn yàrá náà ń fún pọ̀.

Jíjó epo gan-an ló le jù. Ìṣirò tí ilé ìwádìí Lawrence Livermore ṣe lórí ẹyọ èròjà bẹntiróòlù kan ṣoṣo ní ìyípadà kẹ́míkà tó lé ní 3,000. Ẹni tó ń ṣírò ẹ́ńjìnnì odindi ní láti gé e kúrú, àṣìṣe sì lè gba ibẹ̀ wọlé. Àpẹẹrẹ ohun tí ìṣirò tí a gé kúrú lè ṣì ni epo tó ń gbiná fúnra rẹ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì á máa dún kan-kan-kan. Ìdí nìyí tí ilé ìwádìí Sandia fi ṣe ẹ́ńjìnnì onífèrèsé, tí wọ́n ń tan iná lésà sínú rẹ̀ kí wọ́n lè fojú rí iná tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò.

Los Alamos kò fi kóòdù KIVA pamọ́. Ní Yunifásítì Wisconsin ní Madison, Rolf Reitz àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tú u palẹ̀, wọ́n sì tún apá tó ń ṣírò bí epo ṣe ń fọ́n ká kọ.